Inú Ìyá Mi àti Irú Modákẹ́kẹ́

Iṣẹ́ olùkọ́ ni mò ń ṣe ní Ilé-Ifẹ̀. Bàọ́lọ́jì ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ girama, ohun kan sì wà tó máa ń ṣẹlẹ̀ nínú kíláàsì mi lọ́dọọdún tí kò sí nínú ìwé ètò ẹ̀kọ́ kankan. Bí mo bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé àwọn kòkòrò àìfojúrí tó ń gbé lára ènìyàn, pé wọ́n wà lábẹ́ abíyá, wọ́n wà láàárín ọmọ ìka ẹsẹ̀, wọ́n wà nínú irun orí, ẹnì kan níwájú á fọwọ́ họ ọrùn. Ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ á họ etí. Kí n tó kọ ìlà kejì sójú pátákó, gbogbo kíláàsì ti ń họra bí ẹni tó gba inú igbó wèrèpè kọjá. Èmi náà á wá rọra fi ẹ̀yìn ha férémù ilẹ̀kùn, èmi olùkọ́, ẹni tó ti kàwé lórí ọ̀rọ̀ náà.

Àwọn kòkòrò yẹn ti wà lára wa láti àárọ̀. Wọ́n bá wa jí, wọ́n bá wa wọ aṣọ, kò sì sí ẹni tí ara ń yún. Ọ̀rọ̀ ẹnu mi ló wá ń yún wọn. Láti ìgbà tí mo ti kíyè sí i ni mo ti gbà pé ọ̀gá méjì ló ń darí wa. Ọ̀kan ni kòkòrò tí ojú ò rí. Ìkejì ni irọ́ tí ọkàn wa ń pa fún wa. Inú àwo kan náà ni àwọn méjèèjì ti ń jẹun, ọ̀dọ̀ ìyá mi ni mo sì ti bá wọn nídìí àwo náà.

Agbo ilé kan ní Ìrémọ, àdúgbò kan ní Ifẹ̀, ni wọ́n bí ìyá mi sí, ibẹ̀ náà ni wọ́n padà sí lẹ́yìn ikú bàbá mi. Irú ni wọ́n ń ṣe. Ẹni tí kò bá rí bí wọ́n ṣe ń ṣe irú rí, á rò pé iṣẹ́ kékeré ni. Wọ́n á se èso irúgbá láti àárọ̀ títí ilẹ̀ á fi fẹ́ẹ̀ ṣú, wọ́n á fi ẹsẹ̀ gún un kí èèpo lè bọ́, wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á tún un sè. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á dà á sínú igbá ní gbígbóná, wọ́n á fi ewé bò ó, wọ́n á kó àpò lé e lórí, wọ́n á sì fi í sílẹ̀. Kò sí ohun tí wọ́n fi sí i. Àwọn òṣìṣẹ́ ti wà lára igbá àti lára ewé, àwọn tí mò ń kọ́ àwọn ọmọ nípa wọn. Obìnrin á lọ sùn, àwọn á sì máa ṣiṣẹ́ lábẹ́ àpò náà títí irú á fi fà, tí òórùn rẹ̀ á fi dé ẹnu ọ̀nà.

Ohun tó sọ ìyá mi di ẹni ńlá ní agbo ilé ni imú wọn. Bí obìnrin kan bá ṣí irú tuntun, kó tó gbé e lọ sọ́jà, á bu díẹ̀ sórí ewé, á gbé e wá fún ìyá mi. Ìyá mi á di ojú, wọ́n á gbé ewé náà gba abẹ́ imú kọjá, wọ́n á sì sọ̀rọ̀. "Èyí ò tíì fà." "Ewé tí o fi bo èyí ti gbó." "Èyí dáa, gbé e lọ." Kò sí ẹni tó ń bá wọn jiyàn. Mo ti rí obìnrin tó gbé irú rẹ̀ padà lọ sílé nítorí pé ìyá mi yínmú díẹ̀.

Ọmọ Modákẹ́kẹ́ ni mo wá fẹ́. Ẹni tó bá mọ ìlú wa mọ̀ pé ènìyàn lè máa lé adìẹ rẹ̀ ní Ifẹ̀ kó tó mọ̀ pé òun ti wà ní Modákẹ́kẹ́. Ohun tó ti ṣẹlẹ̀ sẹ́yìn láàárín àwọn méjèèjì, àwọn àgbà ló lè sọ ọ́. Nígbà tí àwa ṣe ìgbéyàwó, ìjà tó kù kò ju ti ìkòkò ọbẹ̀ lọ. Ìyá ìyàwó mi náà ń ṣe irú, ìyá mi sì ti sọ láti ìgbà ọmọdé mi pé irú Modákẹ́kẹ́ kò ṣeé jẹ.

Nígbà àkọ́kọ́ tí ìyá mi wá kí wa, ìyàwó mi gún iyán, ó se ọbẹ̀ ẹ̀gúsí. Ìyá mi jẹun. Wọ́n jẹ ẹ́ débi pé wọ́n fi ìka nu àwo. Wọ́n wá bèèrè pé níbo la ti ra irú tó wà nínú ọbẹ̀ náà. Ìyàwó mi, tí inú rẹ̀ dùn, dáhùn pé, "Ìyá mi ló fi ránṣẹ́, Màmá."

A ò tíì gbé omi ìfọwọ́ kúrò nílẹ̀ tí ìyá mi fi gbé ọwọ́ lé ikùn. Kò pẹ́ tí inú náà bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Nígbà tó máa fi di ìrọ̀lẹ́, ó ti wú, ó le gbandi. Mo fi ọwọ́ kàn án fúnra mi nítorí mo fura pé eré ni wọ́n ń ṣe. Kì í ṣe eré. Etí gbọ́ orúkọ ìlú, etí ránṣẹ́ sí inú, inú sì wú. Láti ọjọ́ náà, bí ìyá mi bá wá sílé wa, tíì àti búrẹ́dì ni wọ́n máa ń jẹ, àfi bí wọ́n bá gbé ọbẹ̀ tiwọn dání láti Ìrémọ nínú ike.

Mo gbìyànjú láti ṣàlàyé. Mo sọ fún wọn pé kòkòrò kan náà ló ń ṣe irú méjèèjì, pé kòkòrò kì í bèèrè ìlú ẹnikẹ́ni. Ìyá mi wò mí bí ẹni tó ń wo ọmọ tí wọ́n ná owó tó pọ̀ lé lórí.

"Bóyá kòkòrò ló ń ṣe tiwọn," ni ìyá mi wí. "Tiwa, ọwọ́ ló ń ṣe é."

Èmi lè fi í rẹ́rìn-ín. Kò rọrùn fún ìyàwó mi. Ọbẹ̀ rẹ̀ ni àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì máa ń bèèrè bí àlejò bá ń bọ̀, síbẹ̀ ìyá ọkọ rẹ̀ ń jẹ búrẹ́dì nínú ilé rẹ̀. Lọ́jọ́ kan tí a jọ ń fi ọ̀rọ̀ inú wíwú yìí ṣe yẹ̀yẹ́, ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀ lójijì. Ó ní, "Bàbá àwọn ọmọ, mi ò fẹ́ aṣọ lọ́wọ́ Màmá, mi ò fẹ́ góòlù. Kí wọ́n kàn sọ pé ọbẹ̀ mi dùn. Kí wọ́n sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan péré." Mo ṣèlérí fún un pé wọ́n máa sọ ọ́. Mi ò mọ bí mo ṣe fẹ́ ṣe é.

Ní òjò èṣí, ọ̀fìnkìn kan wọ agbo ilé Ìrémọ. Gbogbo wọn wúkọ́, wọ́n sín, wọ́n fi aṣọ di orí. Mo ní kí ìyá mi jẹ́ ká lọ ṣe àyẹ̀wò bóyá kòrónà ni. Wọ́n ní kòrónà ti parí, àwọn gbọ́ ọ lórí rédíò, èyí kàn jẹ́ ọ̀fìnkìn lásán. Ó lọ lóòótọ́. Àmọ́ kò pẹ́ lẹ́yìn rẹ̀ tí ìyá mi yọ̀ ṣubú lẹ́nu ọ̀nà balùwẹ̀, tí orúnkún wọn yẹ̀, tí mo sì gbé wọn wá sílé wa ní apá Modákẹ́kẹ́, níbi tí agbára mi ká láti ra ilẹ̀. Ẹ lè fojú inú wo bí wọ́n ṣe ń wo ojú pópó láti inú ọkọ̀ bí a ti ń kúrò ní Ẹnuwá, níwájú ààfin Ifẹ̀.

Wọn ò jẹun. Ẹni tó fẹ́ gbé pẹ̀lú wa kò lè máa fi búrẹ́dì gbé ayé, nítorí náà ìyàwó mi ń se ọbẹ̀, ìyá mi sì ń jẹ òkèlè díẹ̀, wọ́n á ti àwo sẹ́yìn. "Irú yín ni," ni wọ́n máa ń wí. Ìró tí wọ́n ń ró tẹ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yí wọn po ju bó ṣe yẹ lọ. Wọ́n ní kí n dá àwọn padà sí Ìrémọ, kí àwọn lọ jẹ oúnjẹ gidi. Ta ló fẹ́ máa bá wọn pọn omi níbẹ̀? Ta ló fẹ́ mú wọn dé balùwẹ̀? Ọ̀rọ̀ náà dẹ́rù bà mí.

Mo dá ọgbọ́n kan. Mo lọ sí Ìrémọ, mo gbé igbá tí ìyá mi máa ń kó irú sí, tó ti dúdú minimini. Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ ìyá ìyàwó mi, mo ní kí wọ́n bá mi kó irú sínú rẹ̀. Wọ́n wo igbá náà, wọ́n wo ojú mi, wọ́n sì bu irú kún un. Mo wá gbé e sórí tábìlì kíṣìnnì, níbi tí ìyá mi ò ti ní ṣàìrí i, mo ní àwọn ará ilé ló fi ránṣẹ́.

Ní alẹ́ ọjọ́ náà, ìyá mi jẹ iyán tán, wọ́n ní ká fi kún un. "Ẹ̀hẹ́n," ni wọ́n wí, "irú wa nìyí. Ẹ ò rí i bó ṣe ń lọ." Inú ò kùn, inú ò wú. Ìyàwó mi sá wọ yàrá lọ rẹ́rìn-ín. Nígbà tí mo bá a níbẹ̀, ó ti ń ká aṣọ. Ó ní, "Irú ni wọ́n yìn. Wọ́n tún wá gbé ìyìn náà fún Ìrémọ."

Èmi ò gbọ́ ti ẹ̀dùn ọkàn ẹnikẹ́ni. Mo ti di onímọ̀ ìjìnlẹ̀. Ní yàrá àwọn olùkọ́, mo sọ ìtàn náà títí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi fi mọ ibi tí wọ́n ti máa rẹ́rìn-ín. Mo ní ojú ló ń fa ahọ́n létí káàkiri. Mo ní ẹ gbé igbá tó tọ́ fún ènìyàn, ẹ lè fi òkúta sínú rẹ̀. Mo rò pé mo ti mọ gbogbo ohun tó wà nínú ọ̀rọ̀ ìyá mi.

Ní Sátidé kan, ìyàwó mi gbé ẹ̀wà kaná, ó sáré lọ ra epo. Èmi ń máàkì ìwé àwọn ọmọ ní pálọ̀, ìyá mi sì jókòó sórí àpótí nínú kíṣìnnì, wọ́n kẹ́yìn sí sítóòfù, wọ́n ń já ẹ̀fọ́. Nígbà tó ṣe, òórùn nǹkan tó ń jó bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. Mo ronú pé ọ̀dọ̀ àwọn aládùúgbò ni. Kò lè jẹ́ tiwa, nítorí ta ló wà nínú kíṣìnnì wa? Imú tó ń dájọ́ irú fún gbogbo Ìrémọ ló wà níbẹ̀. Mo bá iṣẹ́ mi lọ.

Ìyàwó mi ló wọlé, tó gba ọ̀dọ̀ mi kọjá, tó pa gáàsì. Mo tẹ̀ lé e. Èéfín ti bo àjà kíṣìnnì. Ìyá mi ṣì ń já ẹ̀fọ́, wọ́n ń kọ orin sábẹ́ ẹnu.

"Màmá," ni ìyàwó mi wí jẹ́jẹ́, "ẹ̀wà ti jó."

Ìyá mi yíjú padà, wọ́n rí èéfín. "Mo ti ń gbóòórùn rẹ̀," ni wọ́n dáhùn. "Mo rò pé bí ẹ ṣe ń sè é níbí nìyẹn."

Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín nínú wa. Ìyàwó mi bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú wọn, ó gba ẹ̀fọ́ lọ́wọ́ wọn, ó sì ń wò wọ́n. Ìyá mi wo ilẹ̀. Nígbà tí wọ́n sọ̀rọ̀, ìyàwó mi ni wọ́n sọ ọ́ fún, bí ẹni pé èmi ò sí ní ẹnu ọ̀nà.

"Kò sí òórùn kankan mọ́, ìyàwó mi. Láti ìgbà ọ̀fìnkìn yẹn. Gbogbo ohun tí mo bá fi sẹ́nu, bí amọ̀ ló ń rí. Ata nìkan ni mò ń mọ̀, nítorí ó ń ta mí. Jọ̀ọ́, má jẹ́ kí àwọn ará Ìrémọ gbọ́."

Ojú tì mí, àánú wọn sì ṣe mí débi pé mo ní láti padà sí pálọ̀. Gbogbo ọgbọ́n tí mo fi ń yangàn yẹn! Ẹni tí mo rò pé ahọ́n rẹ̀ ni mo tàn jẹ kò tilẹ̀ ní ohun tí ahọ́n rẹ̀ fi ń mọ irú. Kòkòrò kan tí kò tó ohun tí a ń rí ti wọ imú ìyá mi, ó ti kó ẹrù ibẹ̀ lọ. Nígbà tí wọ́n rí igbá wọn, ìrántí ni wọ́n jẹ ní alẹ́ yẹn, wọ́n sì jẹ ẹ́ yó. A gbé wọn lọ sọ́dọ̀ dókítà. Ó ní imú náà lè padà, ó sì lè má padà, kí a máa retí.

Láti ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ kan ti bẹ̀rẹ̀ láàárín àwọn obìnrin méjèèjì tí wọn ò fi èmi sí. Bí ìyàwó mi bá gbé oúnjẹ kalẹ̀, á sọ bó ṣe ń rí lẹ́nu, bí ẹni tó ń dá sọ̀rọ̀. "Ẹ má bínú o, iyọ̀ ọbẹ̀ yìí fẹ́ pọ̀ díẹ̀." Ìyá mi á jẹ òkèlè kan, wọ́n á ní, "Mo ti mọ̀ ọ́n lára." Bí àlejò bá wà níbẹ̀, á rò pé ìyá ọkọ ló ń fìyà jẹ ìyàwó. Wọ́n sì ń jẹun. Kì í ṣe púpọ̀, àmọ́ wọ́n ń jẹ ẹ́.

Àbúrò ìyá mi dé láti Ìrémọ nígbà tí orúnkún ti ń gbé ẹsẹ̀. Wọ́n fẹ́ mú ẹ̀gbọ́n wọn lọ sílé. Àwọn obìnrin agbo ilé kò gbádùn bí ọ̀rọ̀ irú ṣe rí láti ìgbà tí ìyá mi ti kúrò, oníkálùkù kàn ń gbé tirẹ̀ lọ sọ́jà bó ṣe wù ú. Àbúrò ìyá mi jókòó, wọ́n tú ewé kan lórí itan, wọ́n sì na irú inú rẹ̀ sí ìyá mi. "Ẹ wo èyí fún wa," ni wọ́n wí. "Ìjà ti ń ṣẹlẹ̀ lórí rẹ̀. Àwọn kan ní ó dáa, àwọn kan ní kò dáa."

Ìyá mi gbé ewé náà sábẹ́ imú, wọ́n di ojú. Wọ́n tún gbé e kọjá lẹ́ẹ̀kejì, lẹ́ẹ̀kẹta. Ìyàwó mi ni mo wò. Bó bá jókòó jẹ́ẹ́, ọ̀rọ̀ ti tú nìyẹn, ìyá mi tó ń kọ irú ìyá rẹ̀ á rí ẹ̀san lójú gbogbo Ìrémọ, á sì padà sí Ìrémọ pẹ̀lú. Èmi ò ní lè dá a lẹ́bi.

Ìyàwó mi dìde. "Màmá," ló wí, "ìmọ́lẹ̀ ò tó níbí. Ẹ jẹ́ ká lọ wò ó dáadáa ní kíṣìnnì."

Mo tẹ̀ lé wọn bí ẹni tó fẹ́ mu omi. Ìyàwó mi gbé ewé náà sábẹ́ imú tirẹ̀, ó fi ìka mú irú kan, ó jẹ ẹ́. Ìyá mi ń wo ẹnu rẹ̀ bí aláìsàn ṣe ń wo ẹnu dókítà.

"Ó ti fà jù," ni ìyàwó mi sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Wọ́n pẹ́ kí wọ́n tó ṣí i. Wọ́n wá da iyọ̀ sí i kí a má baà mọ̀. Kò bàjẹ́, ṣùgbọ́n wọn ò gbọdọ̀ tọ́jú ẹ̀ pẹ́."

Ìyá mi padà sí pálọ̀, wọ́n jókòó, wọ́n gbé orí sókè. "Ó ti fà jù," ni wọ́n kéde. "Ẹni tó ṣe é pẹ́ kó tó ṣí i, ó wá da iyọ̀ bò ó. Sọ fún un pé mo sọ bẹ́ẹ̀. Kó tètè tà á." Àbúrò wọn pàtẹ́wọ́, wọ́n ní ohun tí àwọn náà fura sí nìyẹn, wọ́n ní kò sí irú imú yìí mọ́ ní Ìrémọ. Bí imú Modákẹ́kẹ́ ṣe dájọ́ irú Ìrémọ nìyẹn, tí wọ́n sì gbà á. Mo fi ìwé bo ojú mi kí n lè rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí àbúrò wọn ní ó yá, kí àwọn palẹ̀ ẹrù mọ́, ìyá mi na ẹsẹ̀, wọ́n fọwọ́ ra orúnkún. Wọ́n ní kò tíì gbà tán. Wọ́n ní kí àwọn ará ilé máa gbé irú wá síbí bí ọ̀rọ̀ bá dé, ọ̀nà ò jìn. Àbúrò wọn wo ilé, wọ́n wo ìyàwó mi, ìyàlẹ́nu sì hàn lójú wọn, ṣùgbọ́n wọ́n lọ.

Alẹ́ ọjọ́ náà, ọbẹ̀ ẹ̀fọ́ la jẹ. Ìyá mi dáwọ́ dúró, wọ́n sì pe ìyàwó mi.

"Ìyàwó mi, ọbẹ̀ tìrẹ tí mò ń jẹ níbí, báwo ló ṣe ń rí lẹ́nu?"

Ìyàwó mi bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ bó ṣe máa ń sọ ọ́. "Ata tòní fẹ́ pọ̀ díẹ̀, Màmá, ẹja rẹ̀ sì…"

"Mi ò bi ọ́ léèrè ata. Ṣé ó dùn?"

Ìyàwó mi wò mí. Ó wo inú àwo níwájú rẹ̀.

"Ó dùn, Màmá."

Ìyá mi mi orí bí ẹni tí ọ̀rọ̀ yé. Wọ́n bu òkèlè mìíràn, wọ́n fi kan ọbẹ̀, wọ́n jẹ ẹ́ pẹ̀lú sùúrù, wọ́n gbé e mì.

"Ìyàwó mi," ni wọ́n wí, "ọbẹ̀ rẹ dùn."

Ìyàwó mi dìde, ó ní òun ń lọ bu omi wá. Omi wà lórí tábìlì.